Ẹ fi ihò yẹn sílẹ̀ kó jinná: bí ẹ ṣe máa tọ́jú píásìn tuntun

Nígbà tí mo lu òkè etí mi fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹni tó lù ú sọ fún mi pé kí n máa yí yẹtí yẹn láàárọ̀ lálẹ́ kó má baà lẹ̀ mọ́ ara, kí n sì máa fi sípírítì nù ún. Mo ṣe é o, mi ò fo ọjọ́ kan. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń yí i tí mo sì ń nù ún, etí ń pọ́n, ó ń ta mí, kókó kékeré kan wá yọ lẹ́yìn ihò náà, mo rò pé mi ò tọ́jú ẹ̀ tó ni, mo bá tún fi kún sípírítì. Àfìgbà tí ẹlòmíì tó mọṣẹ́ wò ó tó ní kí n dẹ̀yìn lẹ́yìn ẹ̀, kí n má fọwọ́ kàn án mọ́, omi iyọ̀ nìkan kí n máa fọ́n sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan kókó yẹn ti ń wọlẹ̀. Látìgbà yẹn, ohun kan náà ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí: ara yín ló máa wo ihò yẹn sàn, iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ má dí i lọ́wọ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ihò yẹn

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú èyí, torí tó bá ti yé yín, ìyókù máa rọrùn. Píásìn, ìyẹn ihò tí wọ́n lu sára láti fi yẹtí sí, kì í ṣe ihò lásán, egbò ni, egbò tí irin wà láàárín ẹ̀ tí kò jẹ́ kó pa ẹnu dé. Nígbà tí ara rí i pé irin yìí ò lọ, ó á bẹ̀rẹ̀ sí í hun awọ yí i ká, bí ìgbà tí èèyàn ń rán àpò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sínú ihò. Ẹnu ihò méjèèjì ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á wá máa rìn lọ sínú díẹ̀díẹ̀, àárín ló ń gbẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí ìta fi lè dá bíi pé ó ti jinná, kò pọ́n mọ́, kò dùn yín mọ́, àmọ́ inú ṣì tutù, awọ ibẹ̀ ṣì fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá yí irin yẹn, ẹ ń fa awọ tuntun yẹn ya ni, ara á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Irin ò lè lẹ̀ mọ́ ara o, èépá tó gbẹ sí ẹnu ihò ló ń mú un dání, omi ló sì ń tú èépá, kì í ṣe ipá.

Àsìkò tó máa gbà yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíì. Ìsàlẹ̀ etí tó rọ̀ yẹn, ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ló sábà máa ń gbà, ó lè wọ oṣù 3. Òkè etí àti gbogbo ibi tó le lára etí, oṣù 6 sí 12, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni. Ẹ̀gbẹ́ imú, oṣù 4 sí 6, ti ẹlòmíì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àárín imú, oṣù 2 sí 3. Ètè náà, oṣù 2 sí 3. Ahọ́n ló máa ń yá jù nínú gbogbo wọn, ọ̀sẹ̀ 4 sí 8. Ìdodo àti orí ọmú, oṣù 6 sí ọdún kan, nígbà míì ó máa ń kọjá ọdún kan. Ìdí tí òkè etí fi ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni pé egungun rírọ̀ ló wà níbẹ̀, ìyẹn kátílééjì, kò sì sí iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú òun fúnra ẹ̀, ara awọ tó bò ó ló ti ń rí oúnjẹ jẹ. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí, a ṣì máa padà sí i tá a bá dé orí ọ̀rọ̀ ínfẹ́kṣọ̀n, ìyẹn kí kòkòrò wọ egbò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: irin tí wọ́n fi sí yín lára

Ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó lù ú rárá. Abẹ́rẹ́ tuntun tí wọ́n já nínú ọ̀rá lójú yín ni kí wọ́n fi lù ú, abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kan tí wọ́n máa jù nù lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ̀rọ tó dà bí ìbọn tí wọ́n fi ń yin yẹtí wọnú etí yẹn, ẹ sá fún un, pàápàá tó bá jẹ́ òkè etí tàbí imú. Yẹtí tí ẹnu ẹ̀ ò mú ló fi ń fi agbára la ara kọjá, ó lè fọ́ egungun rírọ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ṣeé sè nínú ẹ̀rọ ọ̀tọ́ákíléfù tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ara irinṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì lè kù lára ẹ̀, àìsàn ẹ̀dọ̀ Hepatitis B àti C sì ń gba inú ẹ̀jẹ̀ ràn.

Irin tó dáa jù fún ihò tuntun ni titanium irú èyí tí wọ́n ń fi sínú ara èèyàn ní ọsibítù, nọ́ńbà tí ẹ máa bèèrè ni ASTM F136. Góòlù 14 tàbí 18 káráàtì tí kò ní níkẹ́ẹ̀lì nínú dáa, irin tí wọ́n ń pè ní niobium náà dáa. Góòlù tí wọ́n kàn fi bo irin míì lójú ò dáa fún egbò torí ó máa bó. Fàdákà náà, ẹ jẹ́ kó di ìgbà tó bá jinná tán. Níkẹ́ẹ̀lì ni wàhálà tó pọ̀ jù, ara ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbà á, ibẹ̀ á máa yún yín, á máa pọ́n, á máa sun omi, ẹ̀ẹ́ sì máa rò pé kòkòrò ló wọ̀ ọ́ nígbà tó jẹ́ pé irin yẹn gan-an ni ara yín ń bá jà.

Ẹ ẹ́ rí i pé irin tí wọ́n kọ́kọ́ fi sí i máa gùn díẹ̀, ó lè máa yọ síta kó má wù yín. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ara máa wú, tí irin bá kúrú, ara á gbé e mì.

Tẹ́ ẹ bá ní ìtọ̀ ṣúgà, tàbí ẹ̀ ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí ẹ lóyún, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ lu ohunkóhun.

Ìgbésẹ̀ kejì: ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́

Ó máa wú, ó máa pọ́n (fún ẹni tí ara ẹ̀ dúdú, ó lè má pọ́n, ṣe ló máa ṣú sí i tàbí kó rí bí àwọ̀ pọ́pù), ó máa gbóná díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Tó bá ń dùn yín, paracetamol tàbí ibuprofen bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí ẹ̀ ti tó, tí dókítà ò bá ti ní kẹ́ ẹ má lo èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ lè wé yìnyín sínú aṣọ mímọ́ kẹ́ ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ẹ má gbé e lé orí ihò náà gan-an, kó má sì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Tó bá jẹ́ orí tàbí ojú lẹ lù, ẹ gbé orí sókè díẹ̀ tẹ́ ẹ bá sùn lálẹ́ ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, wíwú yẹn á dínkù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: fífọ̀ ọ́

Èyí gan-an ni iṣẹ́ ojoojúmọ́, kò sì ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, kẹ́ ẹ fọ àárín ìka, kẹ́ ẹ fọ abẹ́ èékánná, kẹ́ ẹ sì fi tíṣù tàbí pépà tó mọ́ nu ọwọ́, kì í ṣe táwẹ́ẹ̀lì tó ti wà lára ògiri láti ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ tẹnu mọ́ ọn tó: ọ̀pọ̀ ihò tó bàjẹ́, ọwọ́ tí wọn ò fọ̀ ló bà á jẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú omi iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún egbò, sálàìnì tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, èyí tó máa ń wà nínú agolo tí wọ́n fi ń fọ́n ọn ló dáa jù torí nǹkan míì ò lè kó wọnú ẹ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀: sodium chloride 0.9% àti omi, kò gbọ́dọ̀ sí nǹkan míì. Èyí tí wọ́n ń kán sójú fún àwọn tó ń lo lẹ́ǹsì, tàbí èyí tí wọ́n ń fọ́n sí imú fún ọ̀fìnkìn, òògùn míì máa ń wà nínú ẹ̀, ẹ má lo ìyẹn. Ẹ fọ́n sálàìnì sí iwájú, ẹ fọ́n ọn sí ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ jẹ́ kó rin ibẹ̀ gbindin fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, àárọ̀ àti alẹ́, ó tán. Ẹ ò gbọ́dọ̀ máa fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà torí pé ẹ fẹ́ kó yá, ṣe ló máa gbẹ tí á sì máa bínú.

Ẹ̀ ẹ́ rí nǹkan funfun tàbí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú tó ń sun jáde tó sì ń gbẹ mọ́ irin. Omi ara ni, kì í ṣe ọyún, ó fi hàn pé ara ń ṣiṣẹ́ ni. Ẹ má fi èékánná họ ọ́. Tí sálàìnì bá ti rin ín, tàbí tẹ́ ẹ bá ń wẹ̀ tí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń ṣàn lé e lórí, á rọ̀, ẹ wá fi gọ́ọ̀sì (aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di egbò) tàbí tíṣù tó ti rin nù ún kúrò jẹ́jẹ́. Èyí tí kò bá tíì fẹ́ kúrò, ẹ fi sílẹ̀ di ọ̀la. Ẹ má lo òwú, fọ́nrán ẹ̀ á lọ́ mọ́ irin, á sì wọ inú ihò.

Ẹ wá gbẹ ibẹ̀ dáadáa, àwọn èèyàn máa ń gbàgbé èyí. Ẹ fi gọ́ọ̀sì gbígbẹ tàbí tíṣù tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ má nù ún. Táwẹ́ẹ̀lì kò dáa, okùn ara ẹ̀ máa ń há mọ́ yẹtí, ẹni tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí mọ bó ṣe ń dùn tó. Ibi tó bá tutù ṣáá, pàápàá ẹ̀yìn etí àti ìdodo, ni kókó ti máa ń yọ.

Àwọn kan máa ń bi mí bóyá wọ́n lè po omi iyọ̀ fúnra wọn nílé. Èmi ò fẹ́ ẹ. Iyọ̀ máa ń pọ̀ jù lọ́wọ́ èèyàn, tó bá sì ti pọ̀ jù ó máa fa omi kúrò lára awọ, awọ á gbẹ, á sán. Lójú tèmi, tí sálàìnì ò bá sí, kẹ́ ẹ jẹ́ kí omi mímọ́ ṣàn lé e lórí nígbà tẹ́ ẹ bá ń wẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbẹ ẹ́, ó sàn ju kẹ́ ẹ máa méfò bí iyọ̀ ṣe máa pọ̀ tó lọ.

Àwọn nǹkan tẹ́ ò gbọ́dọ̀ fi sí i

Sípírítì, hydrogen peroxide, áyódíìnì, omi apakòkòrò tí wọ́n fi ń nulẹ̀ tàbí tí wọ́n ń dà sómi ìwẹ̀: gbogbo wọn ń pa kòkòrò lóòótọ́, wọ́n sì tún ń pa awọ tuntun tí ara ń hun. Básílíìnì àti ìpara áńtíbáyọ́tíìkì máa ń dí ẹnu ihò, afẹ́fẹ́ ò ní wọlé, omi ara ò ní rọ́nà jáde. Tea tree oil, ásípíríìn tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n po mọ́ omi, ọsàn wẹ́wẹ́, ọṣẹ ìfọyín, ẹ ẹ́ gbọ́ oríṣiríṣi. Ẹni tó sọ ọ́ fún yín lè ní in lọ́kàn láti ràn yín lọ́wọ́, ti ẹ̀ sì lè ti jinná, àmọ́ ó jinná láìka ohun tó fi sí i sí ni. Lọ́ṣọ̀n, páódà, pàfíùmù, ìpara irun, ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn jìnnà síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọ́n nǹkan sírun, ẹ fi ọwọ́ bo etí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: oorun, aṣọ, irun, fóònù

Tó bá jẹ́ etí lẹ lù, ẹ má sun lé e. Mo mọ̀ pé ó nira, èmi fúnra mi apá ọ̀tún ni mo máa ń sùn sí, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ lu etí òsì nígbà kejì nítorí ẹ̀. Tí ìwúwo orí bá ń tẹ irin yẹn lóru, ó máa ń dojú ẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́ kan, ihò náà á jinná ní wíwọ́, ìyẹn ò sì ṣeé tún ṣe mọ́ àfi kẹ́ ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tún un lù. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni ìrọ̀rí tó ní ihò láàárín, irú èyí táwọn èèyàn máa ń kọ́ sọ́rùn nínú ọkọ̀ òfuurufú, ẹ kàn gbé etí sí àárín ihò ẹ̀, kò sóhun tó máa kàn án. Fún ìrọ̀rí, ẹ wọ tíṣáàtì mímọ́ kan sí i lọ́rùn, lóru àkọ́kọ́ ẹ lo iwájú, lóru kejì ẹ yí i sẹ́yìn, lóru kẹta ẹ yí inú ẹ̀ síta, tíṣáàtì kan á fún yín ní ojú mímọ́ mẹ́rin fún òru mẹ́rin.

Ẹ máa fi tíṣù tàbí aṣọ mímọ́ nu ojú fóònù, kẹ́ ẹ sì gbé e sí etí kejì. Íáfóònù tó ń wọnú etí, tó bá ń kan ibẹ̀, ẹ sinmi ẹ̀ ná. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ aṣọ tó ń gba orí kọjá, ẹ na ọrùn ẹ̀ fẹ̀ kó tó kọjá etí tàbí imú, ẹ má kánjú. Irun gígùn, ẹ kó o sẹ́yìn, kóòmù àti irun tó bá há mọ́ irin ló ń fa ọ̀pọ̀ ìfàya tí mo ti rí. Ẹ má jẹ́ káwọn ọmọdé dì mọ́ yín lápá ibẹ̀, ajá àti ológbò náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lá a.

Omi ìlúwẹ̀ẹ́ ńkọ́? Odò, òkun, adágún, súwímíìn púùlù, ọpọ́n tí ẹni púpọ̀ ń rì sí, ẹ fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ títí tó fi máa jinná, ó kéré tán, oṣù méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́. Kòkòrò kan wà tó fẹ́ràn ibi tómi wà, Pseudomonas ni wọ́n ń pè é, òun gan-an ló sábà máa ń jẹ òkè etí. Wíwẹ̀ lábẹ́ ṣáwà tàbí kẹ́ ẹ bomi láti inú báàfù, kò séwu, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó rì sínú omi tẹ́ ẹ ti wẹ̀ sí.

Ibi kọ̀ọ̀kan àti ọ̀rọ̀ tiẹ̀

Ẹnu ló yàtọ̀ jù. Ahọ́n máa wú gan-an ní ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ lè máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí oúnjẹ kún ẹnu ẹ̀, ẹ máa fa yìnyín wẹ́wẹ́ lẹ́nu, ẹ máa jẹ nǹkan tó tutù tó sì rọ̀, ẹ jìnnà sí ata àti ohun tó gbóná. Ẹ máa fi omi fọ ẹnu lẹ́yìn gbogbo oúnjẹ, láàárọ̀ lálẹ́ ẹ lo omi ìfọnu tí kò ní ọtí nínú. Búrọ́ọ̀ṣì tuntun tó rọ̀. Kò sí sìgá, kò sí ọtí, kò sí ìfẹnukonu títí tó fi máa jinná, mi ò sọ èyí láti fi ni yín lára, itọ́ ẹlòmíì nínú egbò yín ni. Ẹ má máa fi eyín ṣeré pẹ̀lú irin yẹn, ó ń sán eyín, ó sì ń jẹ́ kí èrìgì máa sá sẹ́yìn, èrìgì tó bá ti sá kì í padà fúnra ẹ̀. Tí wíwú ahọ́n bá pọ̀ débi pé ẹ ò lè gbé itọ́ mì tàbí ẹ ò lè mí dáadáa, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró dọ̀la.

Ìdodo: bẹ́líìtì, ṣòkòtò tó ga dé ìbàdí, síìpù, gbogbo wọn ló ń fi ara gún un. Ẹ wọ nǹkan tó dẹ̀ tó sì wà nísàlẹ̀, ẹ sì má dojú bolẹ̀ sùn. Orí ọmú: kọ́mú olówùú tó mọ́ tó sì fún díẹ̀ ló dáa, kódà lóru, torí ìfarakan aṣọ tó ń lọ tó ń bọ̀ ló máa ń bí i nínú. Imú: tẹ́ ẹ bá ń fọn ikun, ẹ ṣe jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ sì fi sálàìnì fọ inú ẹ̀ náà, kì í ṣe ìta nìkan.

Tí irin yín bá jẹ́ èyí tó ní bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń yí dì, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mímọ́ bóyá ó ṣì dì. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn nìkan ni mo fọwọ́ sí pé kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án.

Kókó, kẹ́lọ́ìdì, àti ínfẹ́kṣọ̀n: wọn kì í ṣe nǹkan kan náà

Ibí ni ẹ̀rù ti máa ń ba àwọn èèyàn jù, ibí náà ni wọ́n ti máa ń ṣe àṣìṣe jù, torí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀.

Kókó ìbínú, bó ṣe ṣe èmi, máa ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ ihò gan-an, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Ó kéré, ó lè tutù, ó lè sun omi tàbí ẹ̀jẹ̀, lónìí á tóbi, lọ́la á kéré. Nǹkan kan ló ń bí ara nínú: ẹ̀ ń sùn lé e, irin gùn jù ó ń mì síwá sẹ́yìn, irin ọ̀hún ò dáa, ẹ̀ ń yí i, ẹ̀ ń fi sípírítì sí i, tàbí wọ́n lù ú ní wíwọ́. Ẹ wá ohun tó ń fà á kẹ́ ẹ mú un kúrò, kókó yẹn á wọlẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ má gún un, ẹ má fún un, ẹ má wá oògùn tó máa jó o.

Kẹ́lọ́ìdì yàtọ̀. Àpá ni, àpá tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Kì í sábà tètè yọ, ó lè jẹ́ oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn lílù, á le, á máa dán, á máa yún, á máa dàgbà kọjá ibi tí egbò wà, kò sì ní wọlẹ̀ fúnra ẹ̀. Àwa tí ara wa dúdú la máa ń ní in jù, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Tí ìyá yín tàbí àbúrò yín bá ní kẹ́lọ́ìdì, tàbí ẹ̀yin fúnra yín ní in níbi tí egbò àtijọ́ wà, mo bẹ̀ yín, ẹ rò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó lu òkè etí. Tó bá ti yọ, dókítà awọ ni kẹ́ ẹ rí, wọ́n lè gún abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì sí i tàbí kí wọ́n fi òtútù jó o. Kẹ́ ẹ kàn ní kí wọ́n gé e nìkan, láìsí ìtọ́jú míì lẹ́yìn ẹ̀, ó sábà máa ń padà, ó sì lè padà tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ínfẹ́kṣọ̀n ni èyí tí kò ní ṣùúrù. Àmì ẹ̀: ìrora tó ń pọ̀ sí i dípò kó dínkù, tó ń lù kì kì kì bí ọkàn, ooru tó pọ̀, wíwú tó ń tàn kálẹ̀, ọyún tó ki tó sì pọ́n tàbí tó jẹ́ àwọ̀ ewé, òórùn burúkú. Tí ibà bá wá kún un, tí òtútù ń mú yín, tàbí ẹ rí ìlà pupa tó ń gba ara lọ láti ibi ihò yẹn, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ rí dókítà, kì í ṣe ẹni tó lù ú. Ẹ má yọ irin náà fúnra yín, torí ẹnu ihò lè pa dé kí ọyún há sínú, dókítà ló máa sọ bóyá kí wọ́n yọ ọ́.

Tó bá jẹ́ òkè etí ńkọ́, ẹ tún yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti sọ pé egungun rírọ̀ yẹn ò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀. Tí ọyún bá ti gbára jọ láàárín òun àti awọ tó ń bọ́ ọ, ebi á pa á, á kú, etí á sì wó bí ewé tó rọ, wọn ò lè dá a padà sí bó ṣe wà. Pseudomonas tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yẹn kì í sì í gbọ́ ti àwọn áńtíbáyọ́tíìkì táwọn èèyàn máa ń rà lo láìrí dókítà, torí náà kẹ́ ẹ rà á kẹ́ ẹ sì máa wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lè jẹ́ èyí tí etí máa bàjẹ́. Tí òkè etí bá wú, tó pọ́n, tó gbóná, tí ìsàlẹ̀ etí wà dáadáa bó ṣe wà, ẹ gbéra.

Nǹkan míì tó tún ń fẹ́ ìkánjú ni tí orí irin bá ń rì sínú ara, tẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ rí i mọ́. Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó lù ú lọ́jọ́ yẹn kó fi èyí tó gùn sí i. Tí awọ bá ti bò ó tán, dókítà ni.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn: pípààrọ̀ irin

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìpààrọ̀ yìí o, wọn ò sì jọra. Àkọ́kọ́ ni pípààrọ̀ èyí tó gùn sí èyí tó kúrú tí wíwú bá ti lọ, ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 fún ahọ́n, ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 fún òkè etí. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo èyí, irin gígùn yẹn á wá máa há mọ́ nǹkan, á máa mì, kókó á yọ, ihò á wọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó lù ú ṣe é fún yín, kì í ṣe ẹ̀yin níwájú dígí, torí inú ò tíì jinná.

Ìkejì ni ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ èyí tó wù yín. Kẹ́ ẹ tó ṣe é, kí oṣù tí mo kọ sókè yẹn ti pé, kó má dùn, kó má sun nǹkan kan, kó má wú, kí gbogbo ìyẹn sì ti rí bẹ́ẹ̀ fún odidi oṣù kan láìyẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ti irin tuntun wọlé tí kò wọ̀, ẹ má tì í, ẹ dá ti tẹ́lẹ̀ padà, kẹ́ ẹ lọ bá ẹni tó mọṣẹ́. Tó bá ṣèèṣì yọ jáde lóru kó tó jinná, ẹ fọ ọwọ́, ẹ fi sálàìnì fọ irin náà, ẹ dá a padà kíákíá jẹ́jẹ́, torí ihò tuntun lè pa dé láàárín wákàtí mélòó kan, ti ahọ́n tiẹ̀ lè dí kí ilẹ̀ tó mọ́.

Tí ọsibítù bá ní kẹ́ ẹ yọ ọ́ nítorí iṣẹ́ abẹ tàbí àyẹ̀wò MRI (ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara), ẹ sọ fún wọn ṣáájú ọjọ́ náà pé ihò tuntun ni, kẹ́ ẹ sì lọ bá ẹni tó lù ú kó fi gíláàsì sí i fún ìgbà díẹ̀, ìyẹn ò ní irin nínú, ihò ò sì ní dí kẹ́ ẹ tó padà dé.